Proskuneo àti «sìn» nínú Jòhánù 4: àríwísí kan

Ọ̀rọ̀-ìṣe Gíríìkì méjì ló wà nínú Mátíù 4:10: proskuneo àti latreuo. Bíbélì Mímọ́ wa fi «foríbalẹ̀ fún» túmọ̀ èkíní, ó fi «sìn» túmọ̀ èkejì. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. «Adorer» tí Segond lò níbẹ̀ lédè Faransé kò sọ ohun tí ara ń ṣe. Tiwa sọ ọ́. Latreuo náà bá «sìn» mu: ó bá latron, owó iṣẹ́, tan, àwa náà sì ń sọ pé ìwọ̀fà ń sin olówó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú Jòhánù 4:20-24, proskuneo nìkan ni Gíríìkì lò, Bíbélì kan náà sì kọ «sìn». Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹnì kan lè ní ẹ̀mí kò ní orí tí yóò fi kanlẹ̀; àmọ́ ibi tó yẹ kí èèyàn ti foríbalẹ̀, òkè yẹn tàbí Jerúsálẹ́mù, gan-an ni obìnrin ará Samáríà ń bi Jésù.

Ọ̀rọ̀ náà kò kéré. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 23:7 lédè Gíríìkì, àwọn ọmọ Hétì ni Ábúráhámù ṣe proskuneo fún, bí àwa ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Ní 787, Ìgbìmọ̀ Níséà Kejì gba proskunesis láàyè fún àwòrán mímọ́, wọ́n fi latreia sílẹ̀ fún Ọlọ́run nìkan. Ìtumọ̀ Látìn tó dé ààfin Charlemagne pè é ní adoratio; àwọn Faranki rò pé àwòrán ni wọ́n ń sìn bí Ọlọ́run, wọ́n sì ta kò ó ní Frankfurt ní 794. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi «sìn» túmọ̀ méjèèjì kò lè ṣàlàyé ìjà yẹn lédè Yorùbá. «Foríbalẹ̀» ni mo máa ń kọ sí Jòhánù 4 ní kíláàsì.