Ọ̀nà Oko Kan, Àwòrán Mọ́kànléláàádọ́ta: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ David Hockney láti Sabon Gari, Kánò

Bí ọ̀rọ̀ àwòrán orí ẹ̀rọ bá ti wọ àárín àwọn onímọ̀, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jẹyọ ni pé: ta ni ó yà á, ṣé ọwọ́ ni àbí ẹ̀rọ? Ìbéèrè yìí kò lérè púpọ̀. Kò sí ẹni tí ń bi agbẹ́gilére bóyá òun ni ó gbẹ́ ère tàbí ọ̀bẹ rẹ̀. Èyí tí ó ní láárí fún lámèyítọ́ ni pé: ǹjẹ́ àwòrán náà mọ ibi tí a ti yà á? Bí ó bá jẹ́ àwòrán oko, ǹjẹ́ ó mọ oko náà bí àgbẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n? Iṣẹ́ tí David Hockney fi ẹ̀rọ iPad ṣe ní ọdún 2011 ni ó dára jù láti fi dán ìbéèrè yìí wò, Sabon Gari ní Kánò sì jẹ́ ibi tí ó yẹ kí a ti dán an wò. Yorùbá ti ń gbé àdúgbò náà láti àyíká ọdún 1912, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Kánò. Oko yí wọn ká, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà àti ojú ọjà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ sí. (Ẹni tí ó bá ti gbé Ìbàdàn mọ Sábó sí àdúgbò àwọn Haúsá, ní Kánò, orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe ibùgbé àwọn Yorùbá àti Ìgbò. Ẹni tí ó jẹ́ àlejò ni orúkọ náà ń tẹ̀ lé.)

Ìlú Bradford ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí Hockney ní ọdún 1937. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ó ṣe iṣẹ́ ìkórè nígbà ìsinmi ní àwọn oko orí òkè Wolds, ní ìlà-oòrùn Yorkshire. Ó ń kó ìtí ọkà jọ, ó ń nà wọ́n ró kí oòrùn lè gbẹ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Los Angeles, níbi tí òkìkí rẹ̀ ti kàn nípasẹ̀ àwòrán adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àwọn olówó. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún kí ó tó padà wá fi ara balẹ̀ ya ilẹ̀ oko tí ó ti bá ṣiṣẹ́ rí. Bridlington ni ó fi ṣe ibùgbé, ìlú etíkun tí ìyá rẹ̀ gbé títí ó fi kú ní ọdún 1999.

Ní ọdún 2009 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka yàwòrán lórí fóònù alágbèéká, pẹ̀lú ètò kan tí wọ́n ń pè ní Brushes. Nígbà tí iPad jáde ní ọdún 2010, ó bọ́ sórí rẹ̀. Láti oṣù Kìn-ín-ní dé oṣù Kẹfà ọdún 2011, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń lọ: Woldgate, ọ̀nà tóóró àtijọ́ tí ó gba àárín oko kọjá. Àwòrán mọ́kànléláàádọ́ta tí ó fi ẹ̀rọ yà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀kan tí ó fi ọ̀dà olóròóró yà sórí káńfáàsì méjìlélọ́gbọ̀n tí a so pọ̀, ni ó para pọ̀ di iṣẹ́ tí ó pè ní "The Arrival of Spring in Woldgate, East Yorkshire in 2011". Royal Academy ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti pàtẹ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012.

Orúkọ tí ó yàtọ̀ síra kọ́ ni àwọn àwòrán wọ̀nyí ń jẹ́. Ọjọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ibi tí agbára iṣẹ́ náà wà nìyẹn. Ìgbà ìrúwé kì í dúró de ayàwòrán: òdòdó tí ó bo ọgbà oko lónìí lè ti rẹ̀ dànù ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọ̀dà olóròóró ń fẹ́ àkókò kí ó tó gbẹ, ó ń fẹ́ àga, ó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré náà ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ nínú, kò sí ọ̀dà tí yóò gbẹ, a sì lè lò ó nínú ọkọ̀ nígbà tí òtútù ń mú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tò wọ́n tẹ̀ léra yóò rí bí igi ìhòòhò àti ojú ọ̀nà olómi ṣe ń di àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀, tí òjìji ń kúrú, títí ewé fi bo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ ló mú iṣẹ́ náà yá nìkan. Ó jẹ́ kí ayàwòrán lè máa ka ọjọ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń kà á.

Ohun kan tún wà nínú ẹ̀rọ yìí tí ó yẹ kí ó fa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ alohùn mọ́ra ju àwọn mìíràn lọ. Brushes máa ń tọ́jú gbogbo ìlà tí ọwọ́ fà ní ẹsẹẹsẹ, débi pé a lè wo àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń wo ọwọ́ ayàwòrán gan-an. Níbi ìpàtẹ "Fleurs fraîches" ní Parisi ní ọdún 2010, Hockney fi irú àwòrán tí ń ṣí ara rẹ̀ payá bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹni tí ó bá ti fi ẹ̀rọ gba ohùn onírárà sílẹ̀ rí, tí ó sì dà á kọ sínú ìwé, mọ jìnnà tí méjèèjì jìnnà síra. Ìwé tọ́jú ọ̀rọ̀. Kò tọ́jú èémí, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́jú ibi tí apohùn ti ṣi ẹsẹ̀ gbé tí ó sì fi ọgbọ́n yí i padà. Àwòrán Woldgate tí wọ́n tẹ̀ tóbi sórí bébà jẹ́ àdàkọ ní ìtumọ̀ yìí. Àléébù tí ọ̀pọ̀ ń rí lára wọn, pé wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, pé ewé kan jọ èkejì bí ìgbà tí a fi òǹtẹ̀ lù ú, òtítọ́ ni fún àwọn kan nínú wọn. Ohun tí ó kéré tí ó sì ń tàn lórí ẹ̀rọ ni wọ́n fà gùn lórí ògiri. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ẹsẹ ìjálá sílẹ̀, wọ́n kó ìjálá lọ.

Àléébù tí ó jinlẹ̀ jù èyí lọ ni pé kò sí ènìyàn nínú oko Hockney. Ipa táyà wà lójú ọ̀nà, ọgbà wà, igi gẹdú tí wọ́n gé wà nílẹ̀ nínú "Winter Timber" tí ó yà ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wa ọkọ̀, tí ó gé igi, kò yọjú. Etí tí oríkì orílẹ̀ ti tọ́ dàgbà yóò tètè gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yìí. Nínú oríkì, kò sí òkè tàbí odò tí kì í fa ènìyàn kan lẹ́yìn: ẹni tí ó tẹ ibẹ̀ dó, ẹni tí ó sá wọ ibẹ̀ nígbà ogun, ẹni tí ó gbin igi. Ìjálá pàápàá, tí ó ń ki ẹranko àti igi, ojú ọdẹ ni ó fi ń wò wọ́n.

A lè gbèjà Hockney pé òfìfo náà jẹ́ òtítọ́. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó ń to ìtí ọkà. Nígbà tí yóò fi padà dé, ẹnì kan lórí katakata ti ń ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn. Àwíjàre yìí lágbára, ṣùgbọ́n àwọn àwòrán náà kò wí i. Ìdákẹ́jẹ́ náà jọ ìsinmi nínú wọn, kò jọ ìsọnù. Ẹ̀ẹ̀kan ni àwọn ará àyíká wọ inú iṣẹ́ náà, ayùn ni wọ́n sì gbé wọ̀ ọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, àwọn kan da ọ̀dà sí kùkùté gíga kan lójú ọ̀nà Woldgate, èyí tí Hockney ti yà ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n sì gé e lulẹ̀. Ayàwòrán náà gbé iPad sílẹ̀, ó mú èédú, ó lọ ya kùkùté tí ó ṣubú. Èédú náà ni ó fi ya ìrúwé ọdún 2013. Kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ọ̀fọ̀ tí ó ṣẹ̀ ń bẹ nínú ìlà rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn yìí sàn ju idajì àwọn ti iPad lọ.

Ní Kánò, ìdàkejì ni ó wà. Williams Chechet, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Ahmadu Bello University ní Zaria, pàtẹ iṣẹ́ orí ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọdún 2018 lábẹ́ àkọlé "We Are the North". Ó mú àwòrán àtijọ́ àwọn ènìyàn Àríwá, ó gé wọn jáde kúrò ní ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé, ó sì gbé wọn sórí àwọ̀ tí ń ta yòò. Ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, iyì wà lára wọn, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ṣáájú rẹ̀, àwòrán oko Kánò tí ayé mọ̀ jù ni ti òkìtì ẹ̀pà, tí ọ̀kan lè gba ẹgbàá méje àti ẹgbẹ̀rún kan àpò (15,000). Òwò ni àwòrán yẹn ń ṣàfihàn, kì í ṣe oko. Nígbà tí òkìtì náà sì tán láàárín ọdún 1970 sí 1990, ó jọ pé oko ti tán pẹ̀lú rẹ̀.

Oko kò tán. Ilẹ̀ tí ó yí Kánò ká jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí àgbẹ̀ ti pọ̀ jù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń gbin jéró, ọkà bàbà, ẹ̀pà àti ẹ̀wà lórí ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún láìfi í sílẹ̀ kí ó sinmi. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ó ti máa ń ru ajílẹ̀ láti inú ìlú lọ sí oko, tí ó sì ń ru igi ìdáná bọ̀. Láàárín ọkà ni igi igbá àti osè dúró sí, pẹ̀lú igi kan tí àwọn Haúsá ń pè ní gáwo. Ìṣe gáwo yàtọ̀ sí ti igi gbogbo: bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, a wọ́ ewé, kí ọkà lè rí oòrùn, bí ọyẹ́ bá dé tí gbogbo nǹkan gbẹ, nígbà náà ni a rúwé, tí àgùntàn àti màlúù ń jẹ èso rẹ̀. Ìgbà ìrúwé Kánò dojú dé ti Woldgate.

Ẹ̀rọ tí Hockney fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009 kò tó èyí tí ó wà nínú àpò ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Sabon Gari lónìí. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni oṣù mẹ́fà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, àti ìrẹ̀lẹ̀ láti béèrè orúkọ igi lọ́wọ́ olóko ní èdè olóko. Ilé sì ń jẹ oko náà wọlé lójoojúmọ́. Bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, tí ó jókòó sábẹ́ igi, tí ó sì ya gáwo pẹ̀lú ewé tútù ní oṣù Kẹjọ, àgbẹ̀ tí ó ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ kọjá ni yóò kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.