Góòlù Wà, Ohùn Kò Sí

Ọ̀pọ̀ fídíò géèmù bọ́ọ̀lù tí a ń fi ránṣẹ́ síra wa lórí fóònù ní Ọjà Ọba ló rí bákan náà: góòlù kan, orin kan lábẹ́ rẹ̀, ó parí. Àwòrán rẹ̀ mọ́ gaara. Síbẹ̀, lójú tèmi, ó ní àbùkù, nítorí ẹni tó bá wò ó kò lè mọ̀ bóyá Ìbàdàn ni wọ́n ti gbá a tàbí Lọ́ńdọ̀nù.

Ohun tó fà á kò fara sin. Bọ́tìnnì Share tó wà lára páàdì PlayStation 4 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ẹ̀rọ náà máa ń tọ́jú ìṣẹ́jú 15 tó kẹ́yìn fúnra rẹ̀, kò sì nílò kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ohun inú géèmù ló ń gbà: ariwo èrò, àti ohùn Martin Tyler àti Alan Smith, àwọn òyìnbó tó jọ ṣàlàyé eré láti FIFA 12 títí dé FIFA 20. Bí a bá tilẹ̀ ki íápíìsì tó ní gbohùngbohùn bọ páàdì, ẹnu ẹni tó fi sétí ló sún mọ́ jù.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe Tyler ló ń ṣàlàyé eré nílé géèmù tiwa. Àwọn tó ń dúró kí páàdì kàn wọ́n ni. Wọn á ki ẹni tó gbá góòlù, wọn á fi òwe bú ẹni tó ta bọ́ọ̀lù sóde, wọn á sọ agbábọ́ọ̀lù Bràsíìlì lórúkọ àdúgbò. FIFA ní oríṣiríṣi èdè, Yorùbá kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti fi ẹnu ara wọn dí àlàfo náà, a kò sì gbà á sílẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Kọ̀ǹpútà ilé lè ṣe é dáadáa. A ó fi wáyà HDMI so PlayStation mọ́ capture card, a ó so káàdì náà mọ́ kọ̀ǹpútà, a ó sì pa HDCP nínú Settings, kí ojú fídíò má baà dúdú. Káàdì tó tún ní ojú wáyà lọ sí tẹlifíṣọ̀n ló dára jù, torí àwòrán orí kọ̀ǹpútà máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. OBS Studio, tí a kì í sanwó fún, á gba àwòrán. Gbohùngbohùn kékeré láàárín yàrá á gba ohùn. MKV ni kí a yàn, torí bí iná bá lọ lójijì, ohun tí a ti gbà ṣì wà; MP4 lè má ṣí mọ́.

Àwọn kan á ní ariwo ń ba fídíò jẹ́, pé ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe gbá góòlù kò ní rójú kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ wọn kò burú. Ṣùgbọ́n OBS lè ya ohùn géèmù àti ohùn yàrá sọ́tọ̀, kí a lè dín ọ̀kan kù láìpa èkejì. Èébú tó bá wúwo jù, a lè gé e. Ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ pé à ń gba ohùn wọn.

FIFA fúnra rẹ̀ ti di EA Sports FC láti 2023. Ẹ̀rọ mìíràn á tún dé. Irú góòlù tí a gbá lónìí, a lè gbá a lọ́la. Àwàdà tó bá a rìn ni a kò ní gbọ́ mọ́. Fídíò tó bá ní ín nínú ni mo máa pè ní fídíò Ọjà Ọba.