Sinimá Ẹlẹ́ṣin Ọba àti Ìwé Rẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ti wo Ẹlẹ́ṣin Ọba, sinimá tí Biyi Bandele ṣe ní ọdún 2022 láti inú ìwé eré tí Wole Soyinka tẹ̀ jáde ní 1975, ẹ má ṣe rò pé ẹ ti mọ ìwé náà tán. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Soyinka fi kọ ọ́. Yorùbá ni àwọn ará Ọ̀yọ́ ń sọ nínú sinimá. Èyí dùn mọ́ mi púpọ̀. Odunlade Adekola, tí ó ṣe Ẹlẹ́ṣin, sì mọ fújà í ṣe!

Síbẹ̀, lójú tèmi, sinimá náà sáré kọjá níbi tí ó yẹ kí ó ti dúró. Nínú ìwé, bí Ẹlẹ́ṣin ti ń jó lọ sí ọ̀nà ọ̀run, Olóhùn-Iyọ̀ tí ń kì í ń bi í bí ó bá ṣì ń gbọ́ ohùn òun. Ìdáhùn rẹ̀ ń jìnnà sí i díẹ̀díẹ̀. Etí ni a fi ń mọ irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ojú.

Ẹni tí ó bá sì wo sinimá nìkan lè di gbogbo ẹ̀bi ru ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tí ó mú Ẹlẹ́ṣin. Ẹ ṣí ìran karùn-ún ìwé náà, kí ẹ ka ohun tí Ẹlẹ́ṣin fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìyàwó rẹ̀ tuntun ní àtìmọ́lé.