Olùkọ́ Tó Ń Dúró De Ọ̀nà

Mo kan sáárá sí àwọn olùkọ́ tó ń tọ ọ̀nà òkèèrè gba Àbújá. Láti 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ni ètò Technical Aid Corps ti ń rán olùkọ́ àti dókítà wa lọ sìn fún ọdún méjì nílẹ̀ bíi Gáḿbíà. Kí orúkọ àwọn tí wọ́n yàn tó jáde, ojú á rí nǹkan. Ẹlòmíràn á gbààwẹ̀, ẹlòmíràn á forí kanlẹ̀ ní mọ́sálásí. Ìyàwó á béèrè lálaalẹ́ pé: “Bàbá Ìbejì, ṣé wọ́n ti pè yín?” Síbẹ̀, bílẹ̀ bá mọ́, olùkọ́ á mú ṣọ́ọ̀kì, á máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò bí ẹni tí kò ní ibì kankan í lọ.