Ta Ló Ni Àwọ̀ Inú Fọ́tò?

Bí wọ́n bá ń jiyàn lórí fíìmù aláwọ̀, bóyá kí èèyàn fọ̀ ọ́ nílé tàbí kó gbé e lọ sí láàbù, owó ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń kà, wọn a wá máa bi ara wọn pé ibo ni àwọ̀ ti ń dáa jù. Lójú tèmi, ibi tí wọ́n ń wò yẹn kọ́ ni ẹjọ́ wà. Ọ̀rọ̀ náà “fọ̀” fúnra rẹ̀ ń tàn wá. Ẹni tó ń fọ aṣọ lè bó o lẹ́ẹ̀mejì, kó sì dáwọ́ dúró nígbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Fíìmù aláwọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1972 tí Kodak ti gbé ìlànà C-41 jáde, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 15 ni fíìmù ń lò nínú dẹfẹ́lọ́pà, kẹ́míkà tó ń mú àwòrán jáde, omi rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n 37.8 Celsius, ì báà jẹ́ fíìmù Kodak tàbí ti Fuji, ì báà yá tàbí kó lọ́ra. Ẹni tó ń fọ fíìmù dúdú-àti-funfun lè bomi la dẹfẹ́lọ́pà, ó lè yan òmíràn, ó lè dín àkókò kù kí àwòrán lè rọ̀ lójú. Ìpinnu tirẹ̀ nìyẹn. Ní ti aláwọ̀, ìgbọràn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Wọ́n á ní a lè fi kún àkókò bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó nígbà tí a ya àwòrán; òótọ́ ni, ṣùgbọ́n láàbù náà ń ṣe é fún ẹni tó bá sọ fún wọn.

Ìdí tí òfin yìí fi le wà lára fíìmù. Ìpele mẹ́ta ló gun ara wọn: èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù ló wà lókè, ti àwọ̀ ewé tẹ̀ lé e, ti pupa wà nísàlẹ̀ pátápátá, òun sì ni dẹfẹ́lọ́pà ń dé kẹ́yìn. Ẹ wo ẹni tó ń fọ̀ nílé, tó gbé táńkì tó fi ń fọ fíìmù sínú abọ́ omi gbígbóná. Bí táńkì náà bá ṣì tutù nígbà tó da dẹfẹ́lọ́pà sí i, ooru á ti já wálẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka aago, ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì ní rìn pọ̀ mọ́. Ibi tó ṣókùnkùn nínú àwòrán lè fà sí àwọ̀ kan, kí ibi tó mọ́lẹ̀ fà sí òmíràn: ẹ tún ọ̀kan ṣe, èkejì á bàjẹ́. Ẹ̀rọ láàbù kì í jẹ́ kí ooru yẹ̀. Ṣé láàbù ló wá borí? Kò dájú. Bí fíìmù ṣe ń gba inú ẹ̀rọ náà kọjá ni wọ́n ń fi kẹ́míkà tuntun kún ti àtijọ́. Níbi tí fíìmù kò bá ti wọlé tó, afẹ́fẹ́ á ba dẹfẹ́lọ́pà jẹ́ níbi tó dúró sí. Ẹni tó pò ó láàárọ̀ tó sì lò ó lọ́sàn-án lè ṣe dáadáa ju ẹ̀rọ olówó ńlá lọ.

Síbẹ̀, ibi tí àwòrán ti ń di ti èèyàn ṣì wà níwájú. Nínú àpilẹ̀kọ tí Stephen Sprague tẹ̀ jáde lọ́dún 1978 lórí bí Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò, ó sọ nípa fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan bá kú, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, ìbejì á tún pé. Bí akọ àti abo ni wọ́n, ọmọ kan náà á wọ aṣọ ọkùnrin, á sì wọ ti obìnrin. Àwòrán nẹ́gátíìfù kò ní ìbejì nínú. Orí bébà ni wọ́n ti bí i. Ohun tí ayàwòrán pàdánù nígbà tí fíìmù aláwọ̀ gbé iṣẹ́ lọ sí láàbù ìgboro nìyẹn: táńkì kọ́, bébà ni.

Lónìí, ibi tí wọ́n ti ń sọ nẹ́gátíìfù aláwọ̀ epo-pupa di àwòrán lórí kọ̀ǹpútà ló gba ipò bébà. Bí gèlè pupa bá gba ojú fọ́tò tán, ẹ̀rọ tó ń fa gbogbo àwòrán sí àárín gbùngbùn á rò pé pupa ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ìyá ìyàwó á wá rí bíi ti aláìsàn. Fíìmù náà kò jẹ̀bi, ẹni tó fọ̀ ọ́ kò jẹ̀bi. Ẹni tó ń fọ̀ nílé tó tún gbé nẹ́gátíìfù fún ẹlòmíràn láti yí i padà ti ṣe làálàá ibi tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, ó sì fi ibi tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Àwọn kan á ní bíléèṣì àti fíkísà tí wọ́n pò pọ̀ fún àwọn tó ń fọ̀ nílé máa ń ṣẹ́ fàdákà kù sára fíìmù, kí àwọ̀ ṣú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ a lè dá fíìmù náà padà sínú bíléèṣì lọ́dún tó ń bọ̀. Àṣìṣe dẹfẹ́lọ́pà nìkan ni kò ní àtúnṣe. Nítorí náà, ẹni tí fíìmù rẹ̀ kò tó láti lo kẹ́míkà tán kó tó bàjẹ́, kó gbé e lọ sí láàbù tí èrò pọ̀ sí, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí nẹ́gátíìfù padà. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè fún nẹ́gátíìfù yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí àwọn láàbù kan máa ń dà á nù.