Ìgbà Tí Ìwé Kò Kà: Òṣì àti Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Ìlò Oògùn Àwọn Àgbàlagbà ní Lekki àti Ajah

Ìfáárà

Ní ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ètò kan kalẹ̀ láti dín ìpalára ńlá tí ó ṣeé dènà nínú ìlò oògùn kù sí ìdajì láàárín ọdún 5. Ìwé kan tí ó ti inú ètò náà jáde pín ìlò oògùn sí ìgbà 5: ìgbà tí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ oògùn, ìgbà tí ó ń lò ó, ìgbà tí a fi òmíràn kún un, ìgbà tí a ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò, àti ìgbà tí a dá a dúró. Ìpín yìí mọ́yán lórí, ṣùgbọ́n ó fo ìgbà kan tí ó ṣe kókó fún àgbàlagbà tí kò rí já jẹ. Ìgbà náà ni ìgbà rírà.

Àwọn Àgbàlagbà Lekki

Orúkọ Lekki lè ṣi olùkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ́nà, nítorí ilé olówó ni ọ̀pọ̀ ń rò bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó wó Maroko ní oṣù Keje ọdún 1990, Ilasan, Ikota àti Ajah wà lára ibi tí àwọn tí a lé jáde forí lé. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 35 nígbà náà ti pé 70 ní ọdún 2025.

Ìtúpalẹ̀

Ìwé náà ní kí aláìsàn béèrè orúkọ oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n hóró tí owó ká ni arúgbó ń rà. Bí a bá gé oògùn sí wẹ́wẹ́ fún un, orúkọ oògùn àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lè kù sọ́wọ́ ẹni tí ó tà á. Àìní ni ó fa àìmọ̀ yìí.

Bákan náà ni glibenclamide, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tí àtúnṣe ọdún 2023 sí àkójọ tí Mark Beers bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1991 kìlọ̀ nípa rẹ̀ fún àgbàlagbà. Bí arúgbó kò bá rí oúnjẹ jẹ, tí ó sì lò ó gẹ́gẹ́ bí a ti ní kí ó lò ó, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí yóò fi dákú. Ìgbọràn rẹ̀ gan-an ni ó di ewu.

Òótọ́ ni pé ìwé náà ní ìbéèrè lórí ohun tí a ó ṣe bí oògùn bá tán. Síbẹ̀, ẹnu aláìsàn ni ó fi í sí. Yorùbá ní òṣì ní í jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́n rí. Àgbàlagbà tí ìtìjú ń mú kì í jẹ́wọ́ níwájú ọmọdé pé òun kò lówó. Yóò kúkú sọ pé òun ti lò ó. Ẹni tí a kọ́ níṣẹ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè, ní ìkọ̀kọ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, Mà, èló ni ẹ lè rà lónìí?"

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ iye owó kan ìjọba, kò kan olùkọ́. Lóòótọ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò lè dá GSK padà, ilé iṣẹ́ tí ó kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023 pé òun ń dá iṣẹ́ dúró ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n apòògùn tí ó mọ iye owó ọwọ́ arúgbó lè sọ èyí tí kò gbọdọ̀ wọ́n nínú oògùn 6, kí ó sì bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí èyí tí a lè yọ kúrò.

Àgbálọgbábọ̀

Bí a bá fi ìgbà rírà ṣe ìkẹfà, ìwé náà yóò wúlò ní Ajah ju bí ó ti wà lọ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tí a fi kọ́ yóò máa pe òṣì ní àìgbọràn.