Ọwọ́ Ta Ni Kámẹ́rà Wà?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó dá mi lójú pé ẹ ti rí irú fọ́tò méjì yìí rí. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n máa ń tò wọ́n sí. Nínú ti àkọ́kọ́, ọmọ tí ètè rẹ̀ là láti inú oyún ni, kò rẹ́rìn-ín rárá. Nínú ìkejì, wọ́n ti rán ètè náà pọ̀, wọ́n wọ aṣọ tuntun sí i lọ́rùn, eyín rẹ̀ funfun báláú. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọn yóò kọ ọ́ sí pé kí ẹ wá dá owó. N kò bá iṣẹ́ abẹ jà o. Iṣẹ́ àánú ńlá ni. Fọ́tò yẹn ni mo fẹ́ bá wí.

Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi ètè, ó sì parí níbi ètè. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà kò sí níbẹ̀, eré tó fẹ́ràn kò sí níbẹ̀, àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́nà ilé-ìwé kò sí níbẹ̀. Sinimá Smile Pinki tí Megan Mylan ṣe ní ilẹ̀ Íńdíà, èyí tó gba ẹ̀bùn Oscar ní 2009, sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó tẹ̀lé ọmọ náà dé abúlé. Síbẹ̀ ọwọ́ àlejò ni kámẹ́rà wà.

Ti àrùn nóómà tún le jù. Ẹnu àwọn ọmọdé tí kò rí oúnjẹ tó dára jẹ ni àrùn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, á sì jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn dànù. Ilé ìwòsàn kan wà fún un ní Ṣókótó láti 1999, oṣù Kejìlá 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì tó kà á mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì. Fọ́tò àwọn ọmọ tó mú kún inú ìwé àwọn dókítà, ojú nìkan, kò sí orúkọ. Ẹ wá fi wé Mulikat Okanlawon, ẹni tí nóómà bà lójú jẹ́ ní kékeré, tó dìde dúró tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. Ìyẹn ní orúkọ. Ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ó lè dáhùn bí ẹ bá sọ ohun tí kò tọ́ nípa rẹ̀.

Ọ̀nà tí fọ́tò náà fi lè ṣe bẹ́ẹ̀ wà. Láàárín ọdún 1990 sí 1995, Caroline Wang àti Mary Ann Burris kó kámẹ́rà fún obìnrin abúlé 62 ní agbègbè Yunnan ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n ń bá yí lójoojúmọ́. Ọ̀kan nínú fọ́tò náà fi ìyá kan hàn tó ń ro oko àgbàdo, tí ọmọ rẹ̀ dá sùn sílẹ̀. Oníwàádìí wo ni ì bá rò ó láti béèrè ìyẹn? Ní 1997 wọ́n pe ọ̀nà yìí ní photovoice. Fọ́tò-bá-mi-sọ lèmi ń pè é ní tèmi. Àwọn mìíràn ti ń lò ó láti ìgbà náà fún aláìsàn oríṣiríṣi, títí kan àwọn tí ojú wọn yàtọ̀.

Èmi náà fẹ́ mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Télọ̀ kan wà ládùúgbò wa tí sítóòfù bú gbàmù mọ́ lójú, ó tó ogún ọdún báyìí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi fóònù rẹ̀ ya ohun tó bá fẹ́ kí n mọ̀, fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Mo ti ń retí àpá. Ohun tó mú wá ni ìjókòó bọ́ọ̀sì kan tó ṣófo. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń kún gbẹ̀yìn,” bó ṣe wí nìyẹn. Ó ya dígí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ẹ̀yìn, pákó nìkan la rí. Ó ya ìyá alákàrà tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹni tí gbogbo ayé ti sọ di àwòrán wá di ẹni tó ń wo àwọn awòran.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò ya àwọn tó ń tẹjú mọ́ ọn gan-an. Òfin iṣẹ́ yìí ni pé kí a tọrọ àyè kí a tó ya ènìyàn, mo sì ti sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó máa wò mí ni?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Àléébù kan pàtàkì nìyí: ẹni tó ń dá ọgbẹ́ sílẹ̀ kò ní bọ́ sínú fọ́tò láé, torí kò ní gbà. Síbẹ̀ n kò ní ní kí a ju òfin náà nù. Ìjókòó tó ṣófo yẹn mú gbogbo wa láìdójú ti ẹnikẹ́ni, ó sì dùn ún wò ju ojú òpònú kan lọ.

Ohun tí n kò fara mọ́ ni ìbéèrè márùn-ún tí wọ́n sábà máa ń bi ẹni tó ya fọ́tò: kí la rí níbí, kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an, báwo ló ṣe kan ayé wa, kí ló fà á, kí la lè ṣe sí i? Ẹ jọ̀ọ́, kí la fẹ́ ṣe sí ẹ̀rín ìyá alákàrà? Bí oníwàádìí bá lọ ń ṣa ti ìbànújẹ́ nìkan, ó ti padà sídìí fọ́tò àkọ́kọ́ nìyẹn, ọwọ́ yòówù kí kámẹ́rà wà.

Nígbà tí télọ̀ yìí fẹ́ fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ó kọ́kọ́ pa mẹ́rin rẹ́. Mo ti rí ọ̀kan nínú wọn fìrí: òun àti ọmọ rẹ̀ nídìí àtùpà, ojú rẹ̀ hàn kedere. Èmi ì bá fi ìyẹn ṣáájú gbogbo wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. “Ìyẹn ti ilé wa ni, bọ̀ọ̀dá,” ó sì mú sísọ́ọ̀sì, ó ń gé aṣọ rẹ̀ lọ.